Tata Inú Oko Ẹ̀gẹ́

Tata aláràbarà yìí wà ní ilẹ̀ wa, ó sì wà títí dé Gàbọ̀n, níbi tí àwọn ará Lalala ní Libreville ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí a dì sínú ewé. Ọmọ rẹ̀ a máa dúdú. Àgbà rẹ̀ a máa ní àmì dúdú, funfun àti àwọ̀ ọsàn lára. Ìyẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú, wọn kò lè fò.

Òdòdó ewé Akíntọ́lá ni wọ́n ń wọ́ lọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé tata wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Oró inú òdòdó náà ni ó ń dáàbò bo ẹyin wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni abo ń yé sínú ilẹ̀, lábẹ́ ibòji. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sàmì síbẹ̀, kí wọ́n sì hú ẹyin náà sínú oòrùn kí oṣù kẹsàn-án tó dé.