Àkókò Ìwé Kíkà Fún Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọmọ wa kan a máa kó obì àti kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, wọn a máa kàwé títí àkùkọ yóò fi kọ. Òbí tó bá rí i a sọ pé akíkanjú ni ọmọ òun. Èmi kò yìn ín. Ẹni tí kò roko láti ìgbà òjò, kí ló fẹ́ fi agbọ̀n kó nígbà ìkórè?

Ọkùnrin ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus. Ní 1885, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan àti bí ó ṣe ń gbàgbé. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò: ó ń há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń ka iye ìgbà tó tún wọn kà. Ó rí i pé kíá ni ohun tí a há sórí máa ń sá lọ, pàápàá ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó sì rí i pé kíkà ìgbà 38 tí a pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú kíkà ìgbà 68 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò èrè rẹ̀.

Àwa tí a ń ná ọjà ní ọrọ̀ọ̀rún, èyí kò lè ṣòro fún wa. Kí ọmọ ka ẹ̀kọ́ òní lálẹ́ òní, kí ó padà sí i ní ọ̀tunla, kí ó tún bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá di ọrún. Kí ó pa ìwé dé, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn ń fi ojú tẹ̀lé ìlà ìwé a máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Oorun náà wà nínú ẹ̀kọ́. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Bí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án. (Ẹ gba tẹlifóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ yàrá.)

Nígbà tí Bẹnẹdíkítì Mímọ́ ń kọ òfin fún àwọn mọ́ńkì rẹ̀, ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, ó ya wákàtí sọ́tọ̀ fún àdúrà, fún iṣẹ́ ọwọ́, àti fún ìwé kíkà. Kò ní kí wọ́n máa kàwé bí iṣẹ́ bá ṣẹ́kù àyè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin òbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ láti abúlé Kétu àti Ṣábẹ̀ ló ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan ní ìlú tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà. Ọmọbìnrin tó jí pọnmi, tó gbálẹ̀, tó ti ilé-ìwé dé tó gbé igbá ọjà, tó tún fọ abọ́ alẹ́, ìgbà wo ni yóò ṣí ìwé? A ó ní kò mọ àkókò lò, bẹ́ẹ̀ ni a kò fún un ní àkókò kankan. Ọmọkùnrin ilé ń kàwé lábẹ́ iná, òun ń rokà. BEPC kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́, yóò tó o. Kí ọmọkùnrin náà gba abọ́ fọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún ń di gàrí àti àgbàdo ránṣẹ́ sí ẹni tó gba ọmọ yín sílé, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ nípa wákàtí kan àtààbọ̀ yìí.