Ẹ Pa Àṣírí Aláìsàn Mọ́, Ṣùgbọ́n Ẹ Sọ Ewu Iṣẹ́ fún Òṣìṣẹ́

Torí pé mo kàwé òfin, àwọn tó ń báàyàn tọ́jú arúgbó àti aláìsàn nílé máa ń bi mí pé: "Ṣé kò yẹ kí wọ́n sọ fún mi bí ẹni tí mò ń tọ́jú bá ní HIV, tàbí hepatitis tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́?"

Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn nínú. Òfin tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2014 láti gbèjà àwọn tó ní HIV dáàbò bo àṣírí wọn. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà ò sì gbà kí wọ́n máa tú àṣírí aláìsàn kiri. Mo fara mọ́ ọn. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ń sọ ọ́, ti ẹni tí kò ṣàyẹ̀wò rí ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ní ara ẹ̀ dá gan-an lẹ ò ní ṣọ́ra fún.

Àmọ́ o, ọ̀tọ̀ ni àṣírí aláìsàn, ọ̀tọ̀ ni ewu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kó ti là á yé e pé ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lè ní kòkòrò nínú. Kòkòrò hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gbà á láàárín oṣù 6. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó sanwó ẹ̀, kó ra ìbọ̀wọ́, kó sì wá àpótí líle fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún màmá tó ní ìtọ̀ ṣúgà ò yẹ kó wà nínú ọ̀rá ìdọ̀tí.

Tí abẹ́rẹ́ bá wá gún òṣìṣẹ́, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kó sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Nínú 1,000 èèyàn tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ HIV gún, bíi mẹ́ta ló ń kó o. Oògùn tó ń dènà ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tẹ́nì kan ò sọ èyí fún á fọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀, á sì máa báṣẹ́ lọ.

Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wọ́n. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ń sunkún, ó ṣì máa ń ríran. Kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé onílé, ẹ bi ọ̀gá yín: "Tí abẹ́rẹ́ bá gún mi lóru, ta ni mo máa pè?" Tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ ti mọ irú ọ̀gá tó jẹ́.