Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Àlàyé Lórí Ọwọ́ Jíà Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Há

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí kíláàsì, ìyọnu tí a máa ń rí kò ju mẹ́ta lọ: táyà tí ó ń jò, bíréèkì tí kò mú, àti jíà tí ó há. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó lè lẹ táyà, tí ó sì lè fún bíréèkì. Ṣùgbọ́n bí jíà bá ti há, ọwọ́ wa a rọ, nítorí pé inú ike ni ohun tí ń mú un ṣiṣẹ́ fara pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣe àlàyé ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nídìí jíà kẹ̀kẹ́. Ìdáhùn mi kò gùn. Èdè Yorùbá ni àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fi ń ṣe iṣẹ́ wọn láti àárọ̀ di alẹ́ ní ìsọ̀ wọn. Bí a bá lè fi ẹnu sọ ọ́, kò sí ohun tí ó ní kí a má fi gègé kọ ọ́.

Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi. Owó èésú tí màmá mi kó ni wọ́n fi rà á fún mi nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí n má baà máa wá owó ọkọ̀ kiri lójoojúmọ́. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe fún gígun òkè: táyà rẹ̀ nípọn, jíà rẹ̀ sì pọ̀, àwo eléyín mẹ́ta ní iwájú, méje ní ẹ̀yìn. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ẹ sì mọ̀ pé ìlú olókè ni Ìbàdàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo ń lọ ṣe ìdánwò kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ. Orí àwo tí ó kéré jù ní ẹ̀yìn ni ṣéènì wà, èyí tí ó wúwo jù lọ fún ẹsẹ̀. Bí mo ti dé ẹsẹ̀ òkè, mo fi àtàǹpàkò ti ọwọ́ jíà. Ó lọ, ó bọ̀, kò dún, ṣéènì kò sì kúrò níbi tí ó wà. Mo tún un tì, pàbó ni. Ẹsẹ̀ mi kò lè yí i mọ́, kẹ̀kẹ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọkọ̀ sì ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Inú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà ni mo bá ara mi. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ dé kíláàsì, ìdánwò ti lọ dé ìdajì.

Ẹni tí mo gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá wò ó fìrí, ó ní ọwọ́ jíà ti kú, kí n ra méjèèjì ní tuntun. Owó tí ó dá lé e ju owó oúnjẹ mi fún oṣù kan lọ. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi padà sílé, mo sì fi ọgbọ́n orí mi tú ọwọ́ jíà apá òsì, nítorí pé òun náà ti ń le díẹ̀díẹ̀. Bí mo ti ṣí ike rẹ̀ ni sípíríǹgì kékeré kan fò jáde. Mo wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá a nínú ìgbálẹ̀, n kò rí i títí di òní. Apá òsì kú pátápátá, ó sì di dandan kí ṣéènì iwájú máa wà lórí àwo kékeré nìkan. Ìgbà náà ni òwe àwọn àgbà tó yé mi, pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe fẹ́ bẹ́ orí, èmi náà sì ti bẹ́ ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ń fọ́ orí náà nínú àwa méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Láyé ọjọ́un, ọwọ́ jíà kì í dún. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ni yóò máa fa wáyà títí ṣéènì yóò fi bọ́ síbi tí ó fẹ́. Ní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé jíà Dura-Ace kan jáde tí ọwọ́ rẹ̀ ń dún “kọ́” ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, irú rẹ̀ sì gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ohun tí ń dún náà jẹ́ èékánná irin kékeré kan tí sípíríǹgì tẹ̀ mọ́ àwo eléyín. Bí a bá fi àtàǹpàkò ti ọwọ́ jíà, èékánná a gbá eyín kan mú, a sì fa wáyà. Wáyà a fa irin tí ń darí ṣéènì ní ẹ̀yìn, ṣéènì a sì gun àwo tí ó tóbi jù. Bí a bá tẹ ọwọ́ kejì, èékánná a tú eyín kan sílẹ̀. Sípíríǹgì tí ó wà lára irin ẹ̀yìn ni yóò wá fa ṣéènì padà sí àwo kékeré.

Gírísì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òróró inú gírísì a gbẹ, ìyókù a sì le bí oje igi. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni ó ti dúró gbọn-in nínú ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún púpọ̀ kí ó tó wọkọ̀ ojú omi. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ kún un. Èékánná a lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kò ní lè gbá eyín mú mọ́. Kò ṣẹ́, kò sì kú. Ó kàn dì ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni jíà ti ń há. Ibi mẹ́ta ni a ní láti yẹ̀ wò: ọwọ́, wáyà, àti irin ẹ̀yìn. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ kí táyà ẹ̀yìn lè máa yí. Ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dà, kí ẹ sì tẹ ọwọ́ tí ń tú wáyà sílẹ̀ títí ṣéènì yóò fi dé orí àwo tí ó kéré jù. Ẹ fi Allen key oníwọ̀n mìlímítà 5 dẹ bóòtù tí ó di wáyà mú lára irin ẹ̀yìn, kí ẹ sì yọ wáyà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ ti irin ẹ̀yìn sínú, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bí ó bá padà wéré, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ń fà tìkọ̀, ẹ fọ oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì kán òróró sí i. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fa wáyà síwá sẹ́yìn nínú rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá ń ha, ó ti dógùn-ún. Àmì rẹ̀ lójú ọ̀nà ni pé ṣéènì a máa gun àwo ńlá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ di ẹnu wáyà mú kí ó le, kí ẹ sì ti ọwọ́ jíà. Bí ó bá lọ tí ó bọ̀ láìdún, bíi ti èmi, a jẹ́ pé èékánná ni ó dì.

Bí ó bá jẹ́ wáyà, ẹ pààrọ̀ òun àti rọ́bà rẹ̀. Wáyà jíà kò ju mìlímítà 1.2 lọ ní ìnípọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti bíréèkì dípò rẹ̀, nítorí pé ó nípọn jù, orí rẹ̀ kò sì ní wọlé. Rọ́bà bíréèkì pàápàá kò dára fún jíà, nítorí pé irin inú rẹ̀ lọ́ bíi sípíríǹgì, ó sì máa ń sún kì. Bí ó bá ti sún kì, ìdúró jíà kò ní ṣe déédéé.

Bí ó bá jẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe tú u. Ẹ ta àkísà sábẹ́ rẹ̀, kí òróró má baà kán sára bíréèkì, nítorí pé bíréèkì tí ó mu òróró kì í mú. Ẹ fọ́n WD-40 sí gbogbo ihò àti àlàfo tí ẹ bá rí lára ike náà. Bí kò bá sí, ẹ fi síríńjì fa kẹrosíìnì díẹ̀, kí ẹ sì fi í ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí iná. Ẹ má ṣe lo pẹtiróòlù rárá. Ẹ máa ti ọwọ́ náà lọ, ti í bọ̀, bí ogójì ìgbà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì tún un ṣe. Omi dúdú ni yóò kọ́kọ́ máa jáde. Nígbà tí ó bá mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ wá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ bíi márùn-ún sí i. WD-40 àti kẹrosíìnì wà fún fífọ̀, wọn kì í pẹ́ gbẹ. Òróró ìdáná ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Yóò gbẹ, yóò sì tún le bí oje igi, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlà kẹta ni ti èmi tó dáhùn. Mo ti ń rò ó pé n ó padà lọ bẹ atúnkẹ̀kẹ́ṣe nígbà tí ó dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn ìtì bíi mẹ́wàá, ó ń dún ní gbogbo ìgbà.

Ó ku kí a dá wáyà padà. Ẹ fà á le, kí ẹ sì fún bóòtù. Bí ṣéènì bá ń lọ́ra láti gun àwo ńlá, ẹ yí kókó kékeré tí wáyà gbà kọjá sí apá òsì ní ìdajì ìyípo. Bí ó bá ń lọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí i sí apá ọ̀tún. Bí a bá fọ ọwọ́ jíà lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún tí kò sì dáhùn, ìgbà náà ni a lè ní ó kú. Ẹ ra èyí tí ìdúró rẹ̀ bá iye àwo ẹ̀yìn mu: onídùúró méje fún àwo méje.

Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ náà. Apá ọ̀tún ń dún, apá òsì dákẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa rán mi létí. Bí ti yín bá há, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà, kí ẹ bi ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì tó ná kọ́bọ̀ kan.