ERÉ GÉÈMÙ ÀTI ỌPỌLỌ ỌMỌDÉ: ÀǸFÀÀNÍ NI TÀBÍ ÌPALÁRA?



Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yé bi wá nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ wá sí ilé-kéú. Wọn a ní: "Àfáà, géèmù tí ọmọ yìí ń gbá lórí fóònù láti àárọ̀ di alẹ́, ṣé kò ní ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́?" Àwọn ọmọ náà a sì dáhùn pé géèmù ló ń mú kí ọpọlọ àwọn jí pépé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé kò yẹ kí a fi ìbẹ̀rù nìkan dáhùn, kò sì yẹ kí a fi ìfẹ́ eré nìkan dáhùn.

BÍ ỌPỌLỌ TI Ń KỌ́ NǸKAN

Eré kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Kí fóònù tó dé ni a ti ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Ojúlé 12 ni ọpọ́n náà ní, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Ẹni tó bá ń ta á lójoojúmọ́ a máa mọ iye ọmọ tó wà nínú ojúlé bí ó bá ti fojú kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ayò ni ayò kọ́ ọ. Kò sọ ọ́ di ẹni tó mọ ìwé kà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ rí. Àwọn fọ́nrán tíntìntín wà nínú rẹ̀ tí wọn kò lóǹkà, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀nà tí iṣẹ́ bá ń gbà kọjá lemọ́lemọ́ a máa là sí i, bí ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Èyí tí a kò bá rìn, igbó a bò ó. Ìdí nìyí tí ọmọ kéú fi ń ka wàláà rẹ̀ ní àkàtúnkà. Ní ọdún 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn awakọ̀ takisí ìlú London wò, àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Wọ́n rí i pé ìdí apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí ọ̀nà tóbi lára àwọn awakọ̀ yìí ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ohun tí a bá ń lo ọpọlọ fún ni ọpọlọ ń mọ̀.

ÀǸFÀÀNÍ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo: àǹfààní wà. Ní ọdún 2003, Shawn Green àti Daphne Bavelier ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gbá géèmù. Wọ́n ní kí apá kan máa gbá géèmù ogun fún wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, kí apá kejì máa gbá Tetris, èyí tí a ti ń to bíríkì. Nígbà tó yá, àwọn tó gbá géèmù ogun ń fojú tètè mú ohun tó ń lọ lọ́tùn-ún àti lósì ju àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2022, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà lórí nǹkan bí 2,000 ọmọ ọdún 9 sí 10. Àwọn tó ń gbá géèmù fún wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ṣe dáadáa ju àwọn tí kì í gbá á rárá, nínú ìdánwò ìrántí ìgbà díẹ̀ àti ti kíkó ọwọ́ ara ẹni ró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má tíì fò fáyọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti bàlágà ni ti ọdún 2003, kì í ṣe ọmọ kékeré. Àwọn tó ṣe ti ọdún 2022 fúnra wọn sì sọ pé àwọn kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé géèmù ló fa ìyàtọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó ti yára tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ràn géèmù. Ìdánwò náà pẹ̀lú jọ géèmù: kí ọmọ rí àmì, kí ó tẹ bọ́tìnnì. Ìyẹn kọ́ ni kí ọmọ jókòó ti ojú ewé ìwé kan fún ìdajì wákàtí kí ó sì yé e. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù Lumosity gbà láti san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀sùn pé kò ní ẹ̀rí tó tó nígbà tó ń polówó pé géèmù rẹ̀ yóò mú ènìyàn ṣe dáadáa ní ilé-ìwé àti níbi iṣẹ́. Ayò ni ayò kọ́ni.

IBI TÍ EWU WÀ

Àkọ́kọ́ ni àkókò. Wákàtí 24 ni Ọlọ́hun fún olówó àti tálákà. Bí géèmù bá gba 3 nínú rẹ̀, a ti yọ ọ́ lára nǹkan mìíràn: ìwé kíkà, eré sísá, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ìyá àti bàbá, tàbí oorun. Oorun ni àdánù rẹ̀ burú jù. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, nítorí pé nígbà oorun ni ọpọlọ ń di ohun tó kọ́ lọ́sàn-án mú ṣinṣin. Ọmọ tó gbá géèmù di aago 1 òru, tí a sì jí fún ìrun Àsùbáà, bó bá ń tòògbé níwájú wàláà, tí ohun tó há lánàá ti fò lórí rẹ̀, olódo kọ́. Oorun ni kò sùn tó. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè aago tó sùn.

Èkejì ni adùn rẹ̀. Ní ọdún 1998, àwọn oníwádìí ní London wo ọpọlọ ọkùnrin 8 bí wọ́n ti ń gbá géèmù ọkọ̀ ogun. Wọ́n rí i pé èròjà inú ọpọlọ kan tó ń jẹ́ dopamine, èyí tó máa ń mú wa fẹ́ tún ṣe ohun tó bá dùn mọ́ wa, ń tú jáde sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá iwájú ọpọlọ, tó ń sọ fún ènìyàn pé "ó tó", kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Àwọn tó ń ṣe géèmù fún títà mọ bí a ti ń fa ènìyàn mọ́ra: ipele kan ń pe òmíràn, ẹ̀bùn wà fún ẹni tó bá padà wá lọ́la, òmíràn kò sì lópin rárá. Ọmọ ọdún 10 kò lè dá nìkan bá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jà.

Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fi àìlèjáwọ́ nínú géèmù kún ìwé àìsàn rẹ̀ ní ọdún 2019, tí ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó fẹ́ràn géèmù ló ń ṣàìsàn o. Àmì mẹ́ta ni wọ́n ń wò: kí ọmọ má lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, kí géèmù ṣíwájú gbogbo nǹkan mìíràn láyé rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ bó tilẹ̀ ń pa á lára, fún nǹkan bí oṣù 12. Díẹ̀ ni irú wọn láàárín àwọn tó ń gbá géèmù, ṣùgbọ́n kí a má ṣe dúró di ìgbà tó bá débẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ìjọba Ṣáínà ṣòfin ní ọdún 2021 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ, láti aago 8 sí 9 alẹ́, ní ọjọ́ Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ni yóò ṣe òfin náà nínú ilé.

1. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ má fi fóònù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Láti ọdún 2 sí 4, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wíwo ẹ̀rọ má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá tilẹ̀ kéré sí i, ó dára jù.

2. Kí iṣẹ́ ilé-ìwé àti kéú ṣíwájú, kí géèmù tẹ̀lé e, kí ó sì ní ìwọ̀n. Bí a bá kírun Iṣáì tán, kí fóònù sùn sí yàrá òbí.

3. Ẹ mọ géèmù tí ọmọ ń gbá. Bí nọ́ńbà 18 bá wà lára páálí rẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ ọdún 10.

4. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ládùúgbò, níbi tí ọmọ ti ń sanwó wákàtí. Bí owó oúnjẹ bá ń tètè tán, ẹ wádìí.

5. Ẹ má gba fóònù lásán láìfi nǹkan dípò rẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ayò jáde, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn. Kí bàbá tó ń sọ pé "gbé e sílẹ̀" pàápàá gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní àkótán, géèmù kì í ṣe oògùn ọpọlọ, kì í sì í ṣe májèlé. Ohun tí ọmọ bá ń ṣe jù lọ ni ọpọlọ rẹ̀ yóò mọ̀ jù lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún àwa òbí àti olùkọ́ ní sùúrù. Àmín.