Ajere Amọ̀: Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Sanwó



Ajere ni ìkòkò amọ̀ tí a lu ihò sí ìdí rẹ̀. Àwọn aláró a gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọn a bu eérú sínú rẹ̀, wọn a da omi lé e, omi náà a sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀lú. Irú iṣẹ́ yìí náà ni ajere kọfí ń ṣe. Ní ọdún 1908, Melitta Bentz ní ìlú Dresden, ilẹ̀ Jámánì, lu ihò sí ìdí ìkòkò idẹ, ó tẹ́ bébà sínú rẹ̀, ó fi sẹ́ kọfí. Lónìí, àwọn amọ̀kòkò ń fi amọ̀ mọ irú rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ rà á fún títà, ẹ má fi ẹwà rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Èkíní, ìró. Ẹ fi ìka gbá a. Èyí tó jiná dáadáa a máa dún bí agogo. Èyí tó dún kú, ó lè ti sán, tàbí kí iná má mú un tó.

Èkejì, ihò. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó dí, kò sì gbọdọ̀ sí amọ̀ wẹ́wẹ́ létí wọn tí yóò máa já sínú omi.

Ẹ̀kẹta, ìjókòó. Bí ẹ bá gbé e lé ẹnu ìkòkò ìsàlẹ̀, kò gbọdọ̀ mì.

Ẹ̀kẹrin, omi. Ẹ fi agolo kan náà wọn omi sínú ajere mélòó kan. Ó yẹ kí omi wọn tán ní ìwọ̀n àkókò kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eérú tàbí kọfí dán ọ̀kan wò. Bí omi bá yára jù, kò ní gba agbára ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá lọ́ra jù, kọfí a korò, iṣẹ́ aláró a sì falẹ̀. Bí ara ìkòkò bá làágùn díẹ̀, kì í ṣe àbùkù; ṣùgbọ́n bí omi bá ń yọ lójú ìlà kan, ó ti sán.

Ẹ ṣọ́ra o: ajere tó ti sẹ́ eérú kò gbọdọ̀ kan ohun jíjẹ tàbí mímu mọ́. Amọ̀ ń fa omi mu, omi eérú sì ń bó ni lára. Ẹ sàmì sí i.

Bí ẹ bá lọ sí Ìpetumodù, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, ẹ má tijú láti bèèrè omi ìdánwò. Èyí tó bá yege, ẹ san owó tó tọ́ fún ìyá tó mọ ọ́n. Owó ẹgbẹ́, owó gbogbo wa ni. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná.