Agbára Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Ṣọ́ọ̀bù Dikódà Àdúgbò?

Owó oṣù DStv, GOtv tàbí StarTimes ti di ohun tí à ń fi fóònù san láìdìde níbi tá a jókòó sí. Síbẹ̀, ní Ojota nílùú Èkó, létí títì Ìkòròdú àti lápá Ìkòsí àti Kétu, àwọn èèyàn ṣì ń gbé dikódà sábẹ́ apá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n mọ fóònù lò dáadáa. Owó sísan ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ dikódà. Wàhálà tó ń tẹ̀lé e ló ń gbé wọn jáde nílé. Èrò mi ni pé ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe kà wọ́n sí lọ, àti pé agbára tó wà lọ́wọ́ wọn kéré jù.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú àkáǹtì tí wọ́n fi nọ́ńbà dá mọ̀ ni owó ń wọ̀: nọ́ńbà káàdì ni ti DStv, nọ́ńbà IUC ni ti GOtv. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀ lè sanwó fún ilé ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹlòmíì á sanwó síbi tó tọ́, àmọ́ bí dikódà bá wà ní pípa nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń fi àṣẹ ránṣẹ́, àmì àṣìṣe E16 ni yóò ṣì máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni pé kò san kọ́bọ̀. Fóònù lè yanjú E16 yìí. Ṣùgbọ́n kò lè yẹ dikódà tí iná ọba jó wò. Ní ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ á so dikódà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, kò sì ní pẹ́ mọ̀ bóyá dikódà ló bàjẹ́ ni àbí díìṣì orí òrùlé ló yí. Ti GOtv, tó dé Nàìjíríà ní 2011, tún yàtọ̀: èrìà kékeré ló fi ń gba ìgbì láti orí òpó tó wà lórí ilẹ̀, ilé gíga sì lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò ló máa ń mọ apá ibi tó yẹ kí èrìà kọjú sí.

Dikódà kò dà bíi rédíò tó ń gba ilé-iṣẹ́ gbogbo. Ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ilé-iṣẹ́ HiTV gba ẹ̀tọ́ láti ṣàfihàn líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2007, ó pàdánù rẹ̀ ní 2010, ó sì kógbá wọlé ní 2011. Ẹni tó ti ra dikódà rẹ̀ kò rí ohun kankan fi í ṣe mọ́. Ìdí nìyí tí oníbàárà fi ń fẹ́ ilẹ̀kùn tó lè kàn. Owó náà kì í sì í ṣe kékeré: ní oṣù Kẹta 2025, owó oṣù DStv Compact kúrò ní ₦15,700 sí ₦19,000, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì gbé MultiChoice tó ni DStv àti GOtv lọ sílé ẹjọ́. ₦19,000 lóṣù lé ní ₦600 lójúmọ́, ọjọ́ sì ń lọ kódà nígbà tí àwòrán kò bá hàn.

Àwọn kan á ní ṣọ́ọ̀bù ń ná ilé-iṣẹ́ lówó, pàápàá owó ilé àti dísẹ́ẹ̀lì. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn aṣojú tó ń gba kọmíṣọ̀n ló ń fi owó ara wọn san èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aṣojú lè ta dikódà, ó lè gba owó, ṣùgbọ́n bí owó bá ṣìnà, yóò ní kí oníbàárà lọ sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ gan-an. Wọ́n lè sọ pé aṣojú tó bá ní àṣẹ láti dá owó tó ṣìnà padà lè fi jí owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni àkáǹtì kí owó tó kúrò níbì kan, bí báńkì ṣe ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ Canal+ tó gba MultiChoice ní oṣù Kẹsàn-án 2025 lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó mú dikódà, wáyà iná rẹ̀, rìmóòtì àti rìsíìtì dání, kó sì kọ́kọ́ béèrè bóyá aṣojú ni wọ́n tàbí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀.