Ṣé Ká To Táìlì Lé Fáínìlì Àtijọ́ Lórí, Àbí Ká Hú U Kúrò?

Púpọ̀ nínú wa ní Houston ló ti ra ilé àgbà ní Sharpstown tàbí Alief. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, ilẹ̀ ilé ìdáná ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ: fáínìlì àtijọ́, èyí tí a ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà nílé. Onítáìlì á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tò ó lé e lórí, owó á dínkù.” Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí ilé. Ọdún 1955 ni Frank Sharp bẹ̀rẹ̀ Sharpstown. Láyé ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n máa ń po asbestos mọ́ fáínìlì àti gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ rẹ̀, irú asbestos tí a mọ̀ nínú páálí àjà ilé wa ní Nàìjíríà. Tí ẹnikẹ́ni kò bá dà á láàmú, ewu rẹ̀ kéré. Bí a bá ha á tàbí tí a lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀, títí kan jẹjẹrẹ, sì lè fojú hàn lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó fọwọ́ kan án. Bí asbestos bá wà níbẹ̀, tí fáínìlì sì dì mọ́lẹ̀ gírígírí, bíbò ó mọ́lẹ̀ sàn ju híhú u lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, torí ìwé tí ẹni tó ń ta ilé ní Texas ń kọ fún ẹni tó fẹ́ rà á béèrè nípa asbestos.

Èkejì ni fáínìlì fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí gọ́ọ̀mù sì di gbogbo ara rẹ̀ mú. Bó bá ń rọ̀ bíi tìmùtìmù, tàbí tó jẹ́ etí rẹ̀ nìkan ni wọ́n lẹ̀, táìlì orí rẹ̀ á sán.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ Houston. Orí kọnkéré tí wọ́n dà sórí ilẹ̀ alámọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wa wà. Òjò á mú amọ̀ wú, ọ̀dá á mú un súnkì, kọnkéré á sì lanu. Ilé tí omi Harvey wọ̀ ní August 2017 lè ní ọ̀rinrin lábẹ́ fáínìlì títí di òní. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Irú fáínìlì bẹ́ẹ̀, híhú ló tọ́ sí. Bí asbestos bá wà nínú rẹ̀, ẹni tó gba ìwé àṣẹ ni kó hú u.

Ó wá ku owó. Ká ní híhú jẹ́ $800, títò sì jẹ́ $3,000. Ẹni tó bo ilẹ̀ tí kò dára jèrè $800 lónìí. Bí táìlì bá sán lẹ́yìn ọdún méjì, á san $3,000 mìíràn, á sì tún san owó híhú táìlì àti fáínìlì pa pọ̀. Ẹ rántí pé táìlì ń gbé ilẹ̀ ga: ilẹ̀kùn lè fẹ́ gígé, ẹ̀rọ ìfọbọ́ sì lè há sábẹ́ káńtà.

Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń gbé, IRS kò ní yọ owó yìí nínú owó orí ọdún náà, ṣùgbọ́n ó ń kún iye tí ilé ná yín, ó sì ń dín èrè tí wọ́n máa ṣírò kù lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á. Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ fi háyà, ọdún 27.5 ni wọ́n sábà máa ń pín owó ilẹ̀ tuntun sí. Títún táìlì díẹ̀ tó fọ́ ṣe ni ẹ lè yọ lọ́dún kan náà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

Níkẹyìn, Texas kì í fún onítáìlì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wa ni, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò tún un ṣe bó bá sán, àti títí di ìgbà wo? Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ ni kí ẹ béèrè.